Kíjìpá Mẹ́ta Lórí Wáyà Òkun

Èmi ni mo sá kíjìpá Màmá Àgbà, mẹ́ta tó tutù rinrin, sórí wáyà tí bàbá mi fi ń gbọ́ ohùn àwọn tó wà lójú òkun. Àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni mo sá wọn, nígbà tí gbogbo ilé ń dúró de orúkọ tó yẹ kó gba orí wáyà yẹn kan náà wọlé. Kò sẹ́ni tó rán mi. Èmi náà kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn aṣọ sísá. Ó máa ń gba ariwo àti ìfọ́tí méjì kí n tó sá ṣòkòtò ara mi. Ìbẹ̀rù ló bẹ̀ mí níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo sì ti gbà tọkàntọkàn pé ohùn tó bá ti ojú òkun gbéra lọ sókè ọ̀run máa padà já bọ́ bí àgbọn tó gbó, pé tó bá lọ bá ọmọ tuntun níbi àwùjẹ̀ tí kò tíì le, ó parí nìyẹn. Mo wá rò ó pé aṣọ tó nípọn ló lè gbà á sílẹ̀. Lónìí, mo ti di ọkùnrin onírùngbọ̀n tí àwọn ọmọ Rónkẹ́ ń pè ní Ọ́ńkù, fóònù ni mo ń tún ṣe ní Computer Village, ohùn tí ojú kò rí ló ń bọ́ mi. Síbẹ̀, tí mo bá ń kọjá lábẹ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo ṣì máa ń fa ọrùn wọlé bí ahun. Ẹ má sọ fún àwọn oníbàárà mi.

Ilé wa wà ní Agége, lẹ́yìn Dopemu, níbi tí ògiri ilé iṣẹ́ oníbisikíìtì kan ti fẹ̀yìn ti ilé ìdáná wa. Òórùn bisikíìtì ló ń jí wa, kì í ṣe àkùkọ. Lẹ́yìn òórùn ni fèrè ilé iṣẹ́ á dún, lẹ́yìn fèrè ni rélùwéè á kọjá, tí gbogbo abọ́ orí pẹpẹ á máa gbọ̀n. Lẹ́yìn rélùwéè ni Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á bẹ̀rẹ̀ àdúrà Aládùúrà tiwọn pẹ̀lú ohùn tó ju fèrè lọ. "Olúwa, àwọn tó wà lórí omi, gbé wọn padà sórí ilẹ̀. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀, jẹ́ kí wọ́n dìde gbálẹ̀." Èmi ni ìlà kejì yẹn ń bá wí. Rónkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ló ń pọnmi. Èmi ló ń gbá àgbàlá. Màmá Àgbà á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà máa wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi. "Ilẹ̀ ni mo ní kí o gbá," wọ́n á ní, "mi ò ní kí o yàwòrán sí i." Tí mo bá ti gbá ilẹ̀ tán, ògì àti àkàrà ti wà nílẹ̀. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn bisikíìtì, ògì ló máa ń wá sí mi lẹ́nu, n kò sì lè ṣàlàyé ìyẹn fún ìyàwó mi kó yé e.

Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Rónkẹ́, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Àgídìngbì tí wọ́n ti ń tún rédíò ọkọ̀ òkun ṣe, èyí tí àwọn atukọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ yẹ̀yẹ́ nítorí iṣẹ́ yẹn. Fúkánáísà tó wà ní kọ̀rọ̀ wa á máa pariwo tí wọ́n bá ń kọjá: "Bàbá Rónkẹ́! Ọkọ̀ ojú omi wo ló gba Dopemu kọjá lónìí? Ṣé ó ja táyà ni?" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní iyọ̀ ló lé àwọn wá sí Ikeja, pé afẹ́fẹ́ òkun ní Apápá ń jẹ wáyà bí ikán ṣe ń jẹ pákó. Ilé iṣẹ́ wọn ti fún wọn láyè láti gbé rédíò kan sílé, kí wọ́n fi máa dán àwọn tí wọ́n bá tún ṣe wò. Inú yàrá iwájú ló wà, ó tóbi tó àpótí ọṣẹ, bátìrì mọ́tò sì wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni wáyà ti gba ojú wíńdò jáde lọ bá wáyà gbọọrọ kan tí wọ́n na láti ọ̀pá irin orí ilé ìdáná dé igi máńgòrò ẹnu géètì. Ọrùn ìgò ni bàbá mi fi gbé e ró ní igun méjèèjì, kó má baà fara kan ohunkóhun. Òfin méjì ló wà lórí wáyà yẹn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, nítorí ó lè jó èèyàn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi nǹkan kọ́ ọ. Ìyá mi, tí kò ní okùn ìsáṣọ tó gùn tó ìdajì rẹ̀, máa ń wò ó lójoojúmọ́ bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ aládùúgbò.

Ẹni tí a ń fi rédíò yẹn gbọ́ jù lọ ni Bọ̀dá Láńre, àbúrò bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja ńlá kan. Wọ́n lè lo oṣù mẹ́ta lójú omi, tí wọ́n bá dé, wọn kì í fẹ́ fojú kan ẹja. Ẹ̀wà ni wọ́n ń béèrè. Ìyàwó wọn, Àǹtí Ṣadé, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé, tí aago bá ti lu méje àárọ̀, gbogbo wa á kó ara wa jọ sí yàrá iwájú, ariwo á máa jáde nínú rédíò bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà, láàárín ariwo yẹn ni ohùn Bọ̀dá Láńre á ti jáde, tín-ín-rín, bí ẹni tó wà nínú ìgò. Tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tán, ó gbọ́dọ̀ sọ pé "ófà" kí èkejì tó lè fèsì. Màmá Àgbà fẹ́ràn èyí ju ohun gbogbo lọ. Nígbà tó yá, wọn ò sọ "àmín" sí ìparí àdúrà mọ́. "Dáàbò bo ọmọ mi lórí omi. Ófà." Wọ́n á wá tẹ́tí sókè, wọ́n á máa retí èsì.

Màmá Àgbà náà ló béèrè ọ̀rọ̀ tó kó mi sí wàhálà. "Bàbá Rónkẹ́, báwo ni ohùn àbúrò rẹ ṣe ń ti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ dé Agége, nígbà tí tèmi kì í dé etí ìwọ tó wà ní yàrá kejì tí mo bá ní kí o wá bá mi gbé omi?"  Bàbá mi mú bọ́ọ̀lù rọ́bà mi, wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n jù ú lu àjà pálọ̀. Bọ́ọ̀lù náà gbá àjà, ó fo orí Màmá Àgbà tó jókòó láàárín kọjá, ó balẹ̀ sábẹ́ wíńdò lódì kejì.

"Ẹ rí i báyìí, Màmá? Èmi ni ọkọ̀. Wíńdò yẹn ni Agége. Ohun kan wà lókè ọ̀run lọ́hùn-ún tó dà bí àjà yìí, oòrùn ló ń ṣe é, ojú ò lè rí i. Ohùn Láńre á gòkè, á lọ gbá a, á sì já wálẹ̀ níbi tó jìnnà."

"Èmi tí mo jókòó láàárín ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó ti fò yín kọjá."

"Ó fò mí kọjá? Èmi tí mo bí i?"

Bàbá mi ṣàlàyé títí. Wọ́n ní bí oòrùn bá ṣe ń rìn ni àjà yẹn náà ń yí padà, ìdí nìyẹn tí àárọ̀ fi ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí rédíò, tí alẹ́ sì ní tirẹ̀. Wọ́n ní irú ohùn kejì tún wà, èyí tí ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ létí èbúté, pé ìyẹn kì í gba òkè, tààrà ló ń lọ bí iná tọ́ọ̀ṣì, ibi tí ojú bá rí dé ló ń dé, ìdí tí wọ́n fi ń gbé ọ̀pá rẹ̀ sórí òkè téńté ọkọ̀ nìyẹn, ilé alájà mẹ́rin kan ṣoṣo ní Ikeja sì ti tó láti dí i. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni Rónkẹ́ mú nínú rẹ̀, ó sì gbé e wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí Dádì sọ? Já wálẹ̀. Ohùn Bọ̀dá Láńre tó rinlẹ̀ yẹn. Láti òkè ọ̀run. Bọ́ọ̀lù rọ́bà lásán nìyẹn o, o rí bó ṣe dún gbì."

"Kò lè bà mí."

"Ìwọ tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ wáyà ní gbogbo àárọ̀? Kò burú. Ó dàbọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé, bàsíà irin tí ìyá mi fi ń bu gààrí ni mo ń dé sórí gbálẹ̀. Mo fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n mi. Màmá Àgbà rò pé eré ológun ni. "Ṣójà," wọ́n á ní, "tètè gbálẹ̀ kí ogun tó dé." Èmi ò rẹ́rìn-ín. Tí fèrè ilé iṣẹ́ bá ṣèèṣì dún nígbà tí mo wà lábẹ́ wáyà, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìdọ̀tí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ.

Ọdún yẹn gan-an ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àdúgbò wa, tí obìnrin kan gbé agboòrùn kalẹ̀ ní ọ̀kánkán ilé wa tí àwọn èèyàn ń tò síwájú rẹ̀ láti pe ará ilé. Ọdún yẹn náà ni Àǹtí Ṣadé bímọ obìnrin, tí ìyá wọn sì ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá láti máa wẹ ọmọ. Màmá Ìjẹ̀bú ni a ń pè wọ́n. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, onígíláàsì ojú, tó máa ń wo omi ìwẹ̀ ọmọ bíi pé omi náà ń parọ́. Ẹnì kan ti sọ fún wọn ní Ìjẹ̀bú pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ máa ń ní ìyàwó ní èbúté kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì kúrò lọ́kàn wọn.

"Gbogbo ayé ti ń pe ara wọn lórí fóònù," wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi. "Kápẹ́ńtà ń pè. Alágbàfọ̀ ń pè. Ọkọ ọmọ tèmi nìkan ni kò ṣeé pè."

"Màmá, kò sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú òkun."

"Kí ló dé tí kò wá iṣẹ́ síbi tí òpó wà?"

Ọjọ́ Sátidé ni Àǹtí Ṣadé bímọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, a sọ fún Bọ̀dá Láńre lórí rédíò. Ọkọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abidjan nígbà yẹn, wọ́n sì pariwo débi pé abẹ́rẹ́ tó ń wọn ohùn lójú rédíò fò lọ gbá ìpẹ̀kun. Bàbá mi béèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ. "Orúkọ wà lọ́wọ́ mi," ni wọ́n fèsì. "Mi ò ní fi rán ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Sátidé, aago méje, ẹnu mi ni n ó fi sọ ọ́. Ófà." Inú wa dùn. Àmọ́ Màmá Ìjẹ̀bú wà lẹ́yìnkùlé lásìkò yẹn, wọ́n ń wẹ ọmọ, wọn ò gbọ́ ọ̀kankan. Nígbà tí a ròyìn fún wọn, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ nínú aṣọ ìnura, wọ́n sì sọ ohun tí gbogbo wa gbé sun títí di Sátidé: "Ó dáa. Sátidé náà ni. Bí aago bá lu mẹ́jọ tí n kò tíì fi etí ara mi gbọ́ pé ọkùnrin náà wà níbì kan tó sì mọ̀ pé òun ní ọmọ, mò ń kó Ṣadé àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò gbọ́dọ̀ di aago mẹ́sàn-án."  Àǹtí Ṣadé kàn ń ká ìlédìí ọmọ, wọ́n ń tú u, wọ́n ń tún un ká.

Ẹ wá wo èmi ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Mo ti wo yàrá iwájú, mo ti wo ibi tí wọ́n tẹ́ ẹní sí fún ìyá ọmọ. Ibi tí wáyà ti gba ojú wíńdò wọlé gan-an ni, lókè orí ọmọ. Èmi ní bàsíà. Kí ni ọmọ ní? Fìlà olówùú tí kò nípọn tó bisikíìtì. Màmá Àgbà ti fọ kíjìpá wọn mẹ́ta láti ìdájí, wọ́n fi wọ́n sínú garawa lẹ́yìn ilé, wọ́n lọ wá oyin. Mo gun búlọ́ọ̀kù ilé ìdáná, mo sì sá wọn sórí wáyà ní ẹ̀yìn ilé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n lè gba ohùn náà dúró kó tó tọ wáyà dé wíńdò. Aṣọ òfì ni kíjìpá, tó bá gbẹ ó wúwo, tó bá tutù ó dà bí òkú ẹran. Wáyà tẹ̀ gan-an, ó sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi fi ikùn lé páànù ilé ìdáná. Ó tilẹ̀ tún dára sí i lójú mi, ó jọ àtíbàbà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dé bàsíà mi, inú mi dùn bí ti ẹni tó gba ìlú là.

Aago méje, gbogbo èèyàn ti jókòó. Alàgbà ìjọ wa wà níbẹ̀ nínú sùtánà funfun, wọ́n ní ìsọmọlórúkọ mìíràn ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n sì ń wo aago ọwọ́ wọn bíi pé ó jẹ wọ́n ní nǹkan. Oyin, iyọ̀ àti omi wà lórí tábìlì. Bàbá mi tan rédíò. Kò tilẹ̀ dún bí àkàrà. Ńṣe ló ń mí hẹ́ẹ̀ẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Wọ́n pe Bọ̀dá Láńre, wọ́n ní ófà, wọ́n dúró. Hẹ́ẹ̀ẹ̀. Wọ́n yẹ bátìrì wò, wọ́n gbá ẹ̀gbẹ́ rédíò. Hẹ́ẹ̀ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún. Màmá Ìjẹ̀bú dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ sínú báàgì, wọn ò bínú, wọn ò yára, ìyẹn ló sì bà wá lẹ́rù jù. Bàbá mi jáde láti tọ wáyà lọ. A gbọ́ tí wọ́n kígbe lẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, kíjìpá kan wà ní èjìká wọn, ó ń ro omi sí Alàgbà lẹ́sẹ̀.

"Ta ló sá aṣọ sórí wáyà mi?"

Kò sí ìdí láti ṣèwádìí. Èmi nìkan ló dé bàsíà.

"Èmi ni, sà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí ohùn Bọ̀dá Láńre má baà já lu ọmọ lórí."

 Rónkẹ́ wo ilẹ̀. Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ẹ má nà án. Àbúrò rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ọpọlọ ni kò bá a lọ síbẹ̀."

"Múyìíwá!" Bàbá mi di èjìká mi mú. "Ohùn kì í wúwo! Kò wúwo tó eruku! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ ni ohùn ọkọ̀, ohùn ilé iṣẹ́ rédíò, ohùn ọlọ́pàá, gbogbo wọn ń gba inú ara rẹ kọjá lójoojúmọ́. Ṣé o ti ṣubú rí?"

Wọ́n fẹ́ fi ìyẹn tù mí nínú ni. Mo bojú wo ikùn mi, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Láti orí bọ́ọ̀lù tó ń já, ọ̀rọ̀ ti wá di ti ọlọ́pàá tó ń gba inú mi kọjá.

Bàbá mi kó aṣọ kúrò, wọ́n fa wáyà le, wọ́n sáré wọlé. Lójú ẹsẹ̀ ni rédíò jí. Àkàrà bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ohùn ń jáde, ọ̀kan ń sọ Faransé, ọ̀kan ń béèrè ojú ọjọ́. Gbogbo wa pariwo ayọ̀. Àmọ́ Bọ̀dá Láńre ò sí nínú wọn. Bàbá mi pè títí, kò sí èsì. Aago ti kọjá méje ààbọ̀ dáadáa. Màmá Ìjẹ̀bú fa síìpù báàgì, ó dún ju rélùwéè lọ. Ìgbà yẹn ni bàbá mi fọwọ́ gbá iwájú orí ara wọn, tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ti súnmọ́lé! Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó. Ní Ìṣẹ́gun ó wà ní Abidjan, a gbọ́ ọ ketekete. Láti ìgbà náà ló ti ń bọ̀ wálé. Ibi tó wà báyìí ti súnmọ́ jù, ohùn rẹ̀ ń fò wá kọjá. Nọ́ńbà tó lè mú un balẹ̀ síbí sì ń fẹ́ wáyà tó gùn ju ti ilé yìí lọ. Àwa la jókòó sáàárín pálọ̀!"

Màmá Ìjẹ̀bú wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. "Nígbà tó jìnnà, ẹ ní ẹ gbọ́ ọ. Nígbà tó súnmọ́, ẹ ò gbọ́ ọ. Tó bá wá wọlé jókòó tì wá ńkọ́? A ò ní rí i mọ́ nìyẹn?"

Alàgbà wúkọ́, wọ́n fi sùtánà bo ẹnu. Bàbá mi ti yíjú sí rédíò. Wọ́n ń béèrè lédè òyìnbó bóyá ọkọ̀ kankan tó jìnnà ń gbọ́ àwọn, tó sì ń gbọ́ ọkọ̀ apẹja náà. Wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin kan dáhùn. Ará Gánà ni, nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar, ohùn rẹ̀ mọ́ bíi pé ó wà ní ilé ìdáná. Bàbá mi ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń sọ ọ́. "Ó ní òun ń gbọ́ Láńre dáadáa. Ó ní láti aago méje ló ti ń pè wá, pé ó ti ń sunkún. Ó ní ọkọ̀ wọn ti dé ẹ̀gbẹ́ Kùtọnù, ọ̀la ni wọ́n máa wọ Èkó. Ó ní Láńre ní kí òun bá a sọ orúkọ ọmọ fún wa, kó tó pẹ́ jù." Ohùn ará Gánà náà wá yípadà, ó di ti ẹni tó ń ka ìwé, nítorí bí wọ́n ṣe ń sọ orúkọ lójú òkun nìyẹn kó má baà sọnù sínú ariwo: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tó dúró fún un. "Máìkì," ó ní. "Ọ́sìkà…"

"Ẹ dá a dúró!" Màmá Àgbà ti dìde. "Ta ni Máìkì? Ta ni Ọ́sìkà? Ọmọbìnrin ni a bí o!"

"Lẹ́tà ni, Màmá, lẹ́tà ni. Ẹ jẹ́ ó parí." Bàbá mi ń kọ ọ́ sẹ́yìn páálí bisikíìtì, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbé e sókè kí gbogbo wa rí i. "Morẹ́nikẹ́."

Àǹtí Ṣadé fi ojú bo orí ọmọ. Mo rò pé ó ti parí. Mo ti ń tú okùn bàsíà. Àmọ́ Màmá Ìjẹ̀bú ò sọ báàgì kalẹ̀. "Orúkọ dára," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ohùn ta ni mo gbọ́? Ohùn ará Gánà. Bàbá Rónkẹ́, ìwọ àti rédíò, ọ̀rẹ́ ni yín. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ló jókòó sí Àgídìngbì tó ń fi mí ṣeré? Aago ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lu mẹ́jọ."

 Bàbá mi lè ṣàlàyé àjà ọ̀run, wọn ò lè ṣàlàyé èyí. Àǹtí Ṣadé ló gbé orí sókè, ẹni tí a ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti àárọ̀. "Màmá, ẹ bi í ní nǹkan. Ohun tó jẹ́ pé ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ nìkan lẹ mọ̀. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, èmi fúnra mi ni n ó gbé báàgì yẹn." Ọ̀rọ̀ náà mú ẹ̀rù bà mí ju ohùn tó ń já lọ, torí pé mo mọ Bọ̀dá Láńre: ọkùnrin tó lè gbàgbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó máa wá a nínú ilé.

 Màmá Ìjẹ̀bú sún mọ́ rédíò, wọ́n tẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ẹ bi í. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé mi pé òun fẹ́ ọmọ mi, kí ló ṣe nínú pálọ̀ mi nígbà tí mo wọlé lọ bu omi fún un?"

Bàbá mi sọ ọ́ lédè òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà gòkè láti Agége, ó lọ gbá àjà ọ̀run, ó balẹ̀ sí Dakar. A gbọ́ tí ará Gánà náà tún un sọ fún ẹni tí a ò lè gbọ́. Àkàrà ń dín. A dúró. Mo tẹ bàsíà mọ́ orí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín jáde nínú rédíò, ẹ̀rín ará Gánà, lẹ́yìn tirẹ̀ ni ẹ̀rín ẹlòmíràn láti inú ọkọ̀ mìíràn tó ń fetí kọ́ ọ, àti ti òyìnbó Faransé yẹn pàápàá.

"Kí ló sọ?" Màmá Ìjẹ̀bú béèrè.

Bàbá mi ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. "Ó ní… Láńre ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá òun tọrọ àforíjì. Ó ní òun jókòó lé gíláàsì ojú yín lórí, Màmá. Ó dá sí méjì. Ó ní òun fi í sábẹ́ tìmùtìmù àga, òun sì rò pé ẹ ò mọ̀ títí di òní. Ará Gánà yẹn ní ọkọ̀ márùn-ún ló ti gbọ́ ọ báyìí."

 Màmá Ìjẹ̀bú bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n gbé e sójú iná wò, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n wá nawọ́ sí ọmọ, wọ́n gbé e fún Alàgbà.

"Ẹni tó fẹ́ sá lọ ò ní dúró jẹ́wọ́ gíláàsì mi létí gbogbo òkun. Alàgbà, ẹ fi oyin kan Morẹ́nikẹ́ lẹ́nu. Ilé bàbá rẹ̀ ló ti máa pàdé rẹ̀ lọ́la."